Bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ méjì níwèé láàárín aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ

Páálí funfun gbàgàdà kan ni mo kọ́kọ́ rà. Mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo to ẹ̀kọ́ mẹ́jọ sábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ó jọ ti ilé ìwé gan-an. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí aṣọ ẹbí mẹ́rìndínlógún já lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò rí páálí tí mo máa fi gé pátáànì ọrùn, ni mo bá ṣí táìmù-tébù náà lára ògiri, mo ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ọjọ́rú ló bọ́ sí ibi ọrùn. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti kọ ohun tí a máa ṣe sílẹ̀ mọ́. Ohun tí a bá ti ṣe ni mo ń kọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa kọ́ ọmọ yín nílé, tí iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ méjì ni mò ń kọ́: ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí kò lè ka ìlà méjì àfi èyí tó ti há sórí, ni mo yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé tó wà. Ọmọ ló pọ̀ jù fún olùkọ́ rẹ̀. Mi ò bá obìnrin náà jà.

Kí ẹ tó ra ìwé kankan, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ara yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà wo ni oníbàárà ń dé, ìgbà wo ni ọwọ́ yín ń dilẹ̀? Ní tèmi, láti aago méje àbọ̀ sí mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀, kò sẹ́ni tó ń wá ran aṣọ. Wákàtí méjì yẹn ni mo fún ìwé kíkà àti ìṣirò, nítorí àwọn ni kò ṣeé fi ṣeré. Bí ẹ bá ń din àkàrà, àárọ̀ kì í ṣe tiyín, ẹ gbé e sí ọ̀sán. Ẹ má wo tèmi ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé wákàtí méjì kéré. Nínú kíláàsì, ọmọ ń dúró de ọmọ mìíràn ni. Lọ́dọ̀ yín, òun nìkan ni ẹ dojú kọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Àbúrò á máa ṣa bọ́tìnnì sínú agolo ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n á kàwé sí mi létí fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n á lọ ṣe ìṣirò tirẹ̀, àbúrò á wá kàwé. Mi ò kì í kọ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Mo dán an wò, igbe ló bí.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ní ínṣì 60 lójú kan, sẹ̀ǹtímítà 150 lójú kejì. Oníbàárà mú yáàdì mẹ́rin wá. Yáàdì kan jẹ́ ínṣì 36. Mélòó ni gbogbo rẹ̀? 144. Apá méjèèjì gba 50, mélòó ló kù fún ara? Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì í lórí ìwé, aṣọ kò bàjẹ́; bó bá ṣì í lórí aṣọ, èmi ni mo máa sanwó, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi kánjú.

Yorùbá ni a fi ń ka iye. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé tí a bá yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, kí ló kù? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. Ó ní, “Màmá mi, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ tán: márùndínláàádọ́ta.” Àwọn kan máa ń kìlọ̀ fún mi pé èyí á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ìlú wa yìí gan-an ni wọ́n ti dán an wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì wà láyè tirẹ̀, olùkọ́ tirẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kò yẹ kí ará Ifẹ̀ máa bẹ̀rù nǹkan yìí.

Wàyí o, nóòtù. Ẹ ra olójú ewé ọgọ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan, ìlà mẹ́ta péré: ohun tí a ṣe, ohun tó ṣòro, ohun tó kù. Ti àbúrò ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá kà báyìí: “Ojú ìwé 14 sí 16. Ó ń pe ìgbá ní igbá. Ó ku kó tún 16 kà.” Ìlà kejì yẹn ni olórí. Òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kì í ṣe ibi tí ìwé bá sọ. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó dáná alẹ́. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, irọ́ lẹ máa kọ.

Nóòtù yìí ló tú mi fó. Oṣù kan wà tí mo ṣí i wò, tí mo rí ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò sí nǹkankan nínú wọn ju “ṣíṣa bọ́tìnnì” lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ti ń rán ọmọ lọ ra òwú àti síìpù ní Làgéré, mo ń ní kó bá mi tú ìránṣọ, mo sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́ tí kò sanwó ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó wà nítòsí máa ń wuni láti rán níṣẹ́. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán an níṣẹ́ kí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ tó lù, títí kan bàbá rẹ̀.

Ọ̀sán kò le. Bàbá onílé wa máa ń bá a ta ayò lábẹ́ ìbòòji: ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ni yẹn náà, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń tú àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì méjì lóṣù, a máa ń jáde. A ti lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Ẹnuwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, èyí tí wọ́n ṣí ní 1954, a sì ti lọ wo ẹranko ní OAU, Yunifásítì Ifẹ̀ àtijọ́. Èyí tó dùn jù ni Ọ̀pá Ọ̀rányàn, òkúta gíga tí wọ́n gbé ró ní Ifẹ̀ níbí. Ẹ mú igi tó gùn ní mítà kan àti téèpù dání, kí ẹ bá ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ gbé igi náà ró, ẹ wọn òjìji rẹ̀, ẹ wọn òjìji ọ̀pá, kí ẹ fi ti igi pín ti ọ̀pá. Ti ọmọ mi jáde sí mítà márùn-ún àti díẹ̀. Ọ̀pá náà ga tó mítà 5.5. Kò fọwọ́ kan òkúta náà rárá tó fi mọ gíga rẹ̀, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan wọn òjìji gbogbo òpó iná àdúgbò.

Ẹ má fi ohun tó nílò iná sí alẹ́. Àlọ́ la fi sí alẹ́ tiwa. Ìyá ọkọ mi kì í pa á lọ́sàn-án, bó ti wù kí ẹ bẹ̀ wọ́n tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tán, ọmọ gbọ́dọ̀ tún un pa fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó máa kọ ọ́ ní ìlà márùn-ún, àròkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ka ìlà márùn-ún ti ìjàpá sí ìyá létí. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Orin ńkọ́? Ó ti fo orin.” Ó mú pẹ́ńsù, ó padà lọ kọ orin náà sí i.