Epo nìkan kọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa másùnmáwo àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀

Bí àyẹ̀wò bá ti ní cholesterol, irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, pọ̀ jù, ní Òṣogbo, epo pupa ni a kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba á ṣíwọ́ ẹran àti ẹyin. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló bi í bóyá ó ń sùn, tàbí iye gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀?

Ẹ má dá oúnjẹ nìkan lẹ́bi; másùnmáwo náà ń dá kún un. Ara wa fúnra rẹ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú cholesterol. Bí ọkàn ò bá balẹ̀, adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tí ara ń tú jáde nígbà másùnmáwo, á pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì tú ọ̀rá tó fi pamọ́ sílẹ̀ kí ènìyàn lè rí agbára sá tàbí jà. Àmọ́ ẹni tó jókòó ti ìsọ̀ aṣọ, tó ń ro owó ilé-ìwé, kò sá, kò sì jà. Ẹ̀dọ̀ á gba ọ̀rá ọ̀hún, á fi ṣe triglyceride, irú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mìíràn, á tún dà á sínú ẹ̀jẹ̀.

Ní 1958, àwọn dókítà ọkàn Friedman àti Rosenman ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn oníṣirò owó. Bí gbèdéke owó orí ti oṣù Kẹrin ṣe ń sún mọ́lé ni cholesterol wọn ń gòkè, láìjẹ́ pé oúnjẹ wọn yí padà. Òbí tó mọ oṣù Kẹsàn-án kò ní jiyàn.

Àwọn mìíràn á wá ṣe àṣejù: “Ìrònú ni, jàre,” wọ́n á ju oògùn dókítà nù. Ẹ jọ̀ọ́! Àjogúnbá, àtọ̀gbẹ àti àìsàn tairọ́ìdì náà ń gbé cholesterol sókè.

Bíà àti sìgá kọ́ ni ìtura o. Ọtí ń mú triglyceride pọ̀ sí i. Sìgá ń dín HDL, ìyẹn cholesterol tó dára, kù. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ sàn jù, torí ó ń lo ọ̀rá náà.

Ẹ má sì sáré láti ìdí ìjà wọ yàrá àyẹ̀wò. Ẹ jókòó díẹ̀ ná. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn ńlá, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀; wọ́n lè ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí èsì lè péye.