Bí mo ṣe tọ́jú ìyá kan ní Ẹ̀pẹ́ láti orí fóònù títí wọ́n fi dágbére fáyé

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìkòròdú ni mo sì ń gbé. Nígbà tí jẹjẹrẹ ọyàn ìyá náà ti ràn dé eegun, àwọn fúnra wọn ló sọ pé ilé àwọn ní Ẹ̀pẹ́ ni kí wọ́n gbé àwọn lọ. Mo kọ́kọ́ lọ bá wọn nílé, nítorí mi ò gbà pé ó yẹ kí a fi fóònù bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú yìí láìtíì fọwọ́ kan aláìsàn. Mo fi bírò fa ìlà sára síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, níbi tí mọ́fíìnì olómi, oògùn apàrora tó lágbára, gbọ́dọ̀ dé, mo sì ní kí ọmọbìnrin wọn wọ̀n ọ́n lójú mi.

Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń lò ó, yálà ìrora ti dé tàbí kò tíì dé, nítorí pé bí a bá jẹ́ kí ìrora gbilẹ̀, apá oògùn kì í tètè ká a. Láìpẹ́, mo rí i lórí fídíò pé oògùn kì í dé ojú ìlà mọ́.

“Ẹ má bínú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ kí ìyá mi kú sí mi lọ́wọ́.”

Mo ṣàlàyé fún un pé àìsàn ló ń mú wọn lọ, pé ìwọ̀n tí dókítà kọ, tó ń fi díẹ̀díẹ̀ gbé sókè, kì í ṣe májèlé, àti pé láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka mọ́fíìnì mọ́ oògùn ìrora jẹjẹrẹ tó bá le. Ṣùgbọ́n nítorí pé mọ́fíìnì máa ń mú kí ìgbẹ́ le, mo ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n nílé.

Bí mo bá bi ìyá léèrè, “Ó ti sàn” ni wọ́n máa ń wí, kí ọkàn àwọn ọmọ lè balẹ̀. Nítorí náà, ojú wọn ni mo ń wò nígbà tí wọ́n bá ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì: bí iwájú orí bá ti fún pọ̀, mo ti mọ̀ pé kí n pe dókítà.

Nígbà tó kù díẹ̀, wọn ò lè gbé nǹkan mì mọ́. Mo bẹ ẹbí pé kí wọ́n má fi dandan rọ ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu. Kí wọ́n fi òwú tútù nu ètè wọn, kí wọ́n sì yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀fun bá ń dún. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé èémí yóò máa dúró, yóò tún máa padà. Nígbà tí kò padà mọ́, ó pè mí, a jọ wo aago, ó sì pa ojú ìyá rẹ̀ dé. Wọ́n sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní kó dá mọ́fíìnì tó ṣẹ́ kù padà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbà á.