Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ra ní ìdájí o
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnikẹ́ni ò bi mí o, àmọ́ màá sọ ọ́. Àwọn ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri yìí, Anopheles, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n sábà máa ń jẹni jù, nígbà tí oorun ti wọra, ìdí nìyẹn tí nẹ́ẹ̀tì olóògùn fi ń mú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́n si! Ní abúlé kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́yìn tí wọ́n pín nẹ́ẹ̀tì kárí ilé, ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ Anopheles funestus sún àsìkò ẹ̀ láti nǹkan bí aago 2 òru sí aago 5 ìdájí. Torí ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jáde lọ ṣe àlùwàlá tàbí gbálẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kẹ́ ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa ẹsẹ̀.

Ẹ tún wò ó, òkè nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń fò mọ́ jù, torí òórùn ara wa àti ooru ń gòkè, ibẹ̀ ni oògùn ti ń ràn wọ́n, nítorí náà tó bá lu lókè ẹ tètè rán an, ẹ má sì ju ìró bò ó (mo mọ̀ yín!). Tí apá bá fara kan nẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè gba ojú ihò ẹ̀ jẹ ẹ́. Ọṣẹ lásán ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kò sí bílíìṣì, abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ sá a sí torí oòrùn máa ń ba oògùn yẹn jẹ́. Tí wọ́n bá ń pín tuntun tẹ́ ẹ rí èyí tí wọ́n kọ PBO sí (èròjà kan tó ń jẹ́ kí oògùn nẹ́ẹ̀tì lágbára sí i), òun ni kẹ́ ẹ mú, oògùn àtijọ́ nìkan ò ran ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn mọ́.