Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Sítọ́ọ̀dù Sílíńdà Lára Ẹ́ńjìnnì Ọ̀kadà Tó Ti Pẹ́

Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà onísílíńdà kan, sítọ́ọ̀dù mẹ́rin ló gba inú sílíńdà kọjá, tó so sílíńdà àti héèdì (ìdérí orí rẹ̀) mọ́ kéèsì, ìyẹn àpótí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá irin líle tó ní tẹ́ẹ̀dì (ojú ìyí bíi ti bóòtù) lókè àti nísàlẹ̀ ni sítọ́ọ̀dù. Alumíníọ̀mù ni kéèsì. Bí sítọ́ọ̀dù bá bàjẹ́, owó kékeré ló ń gbà. Bí ihò inú kéèsì bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ti tọ́nà, oníṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Ihò yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin.

Ní Èkó, omi ń ba sítọ́ọ̀dù jẹ́ gan-an. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tó fi mọ́ Lagos Island, Etí-Ọ̀sà àti Àpápá, ọ̀pọ̀ máṣíìnì ló wà lẹ́yìnkùlé tí òjò àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń bá ṣeré. Omi á gba àlàfo inú sílíńdà sọ̀ kalẹ̀, á dúró sí ìdí sítọ́ọ̀dù níbi tó ti wọ kéèsì. Òkè rẹ̀ lè máa dán, kí nọ́ọ̀tì tú wẹ́rẹ́, kí ìdí sì ti jẹ tán. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń kán sí.

Kí ẹ tó tú sítọ́ọ̀dù kankan, ẹ fi fáníà (irin ìwọ̀n) wọn gíga rẹ̀ láti ojú kéèsì dé orí, kí ẹ kọ ọ́ sórí páálí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tó dúró sí. Wọn kì í sábà ga bákan náà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdí wọn, ẹ fọ́n ọ́ìlì tí ń tú ìpẹtà sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ń kánjú níbi yìí ni yóò sanwó fún tọ́nà.

Iná ló kàn. Bí iná bá kan alumíníọ̀mù, ó ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, ihò á sì dẹ ọwọ́. Ẹ yọ gbogbo ọ́ìlì síìlì àti rọ́bà kúrò lára kéèsì, kí ẹ rí i dájú pé pẹtiróòlù tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ti gbẹ pátápátá. Ara kéèsì tó yí ihò ká ni kí iná kàn, kì í ṣe sítọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹ ta omi díẹ̀ sí i: bó bá hó ṣàà tó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Ẹ wá fi nọ́ọ̀tì méjì wọ orí sítọ́ọ̀dù, kí ẹ fún wọn mọ́ra wọn. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi sípánà yí láti tú u. Ti òkè ni ẹ ó máa yí nígbà tí ẹ bá ń dá tuntun padà. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀. Bó bá ń dún kín-ín, ẹ dúró, ẹ tún fi ọ́ìlì àti iná sí i.

Bó bá kán tó sì yọ orí díẹ̀, ẹ gbé e fún wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin. Yóò gbé nọ́ọ̀tì lé e, yóò jó inú nọ́ọ̀tì náà mọ́ ọn, kí ó tó rọra yí i. Wáyà ilẹ̀ wẹ́dà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítọ́ọ̀dù náà, kí iná má baà gba inú bẹ́árìn-ìn kọjá. Bó bá kán ní ìdọ́gba pẹ̀lú kéèsì, ẹ má fi díríìlì ọwọ́ gbìyànjú ẹ: díríìlì máa ń sá kúrò lórí irin líle lọ sínú alumíníọ̀mù tó rọ̀. Ẹ gbé e lọ síbi tí díríìlì olórí ìdúró wà. Irin ayọ-bóòtù tí wọ́n máa ń gbá sínú ihò náà kò dára fún iṣẹ́ yìí. Bí òun náà bá kán sínú, kò sí díríìlì lásán tó lè jẹ ẹ́.

Nígbà mìíràn sítọ́ọ̀dù á jáde, àmọ́ ẹ ó rí alumíníọ̀mù tó wé mọ́ tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bí òwú fàdákà. Tẹ́ẹ̀dì kéèsì ti bá a jáde nìyẹn. Gọ́ọ̀mù oníṣẹ́jú mẹ́rin kò lè di ibẹ̀ mú. Helicoil, wáyà líle tí wọ́n ká bíi sípíríìnì láti di tẹ́ẹ̀dì tuntun nínú ihò, ni ojútùú: fún sítọ́ọ̀dù M8 × 1.25, díríìlì 8.3 mm, táàpù (irin tí ń gé tẹ́ẹ̀dì) tó bá a wá, kí helicoil náà sì wọlé rékọjá ojú kéèsì díẹ̀. Gígùn 16 mm dára ju 12 mm lọ bí ihò bá jìn tó.

Fún tuntun, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀, kí ẹ fi gígùn rẹ̀, gígùn tẹ́ẹ̀dì òkè àti ti ìsàlẹ̀ wé e. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé rọ́ọ̀dù tẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń so sílìn-ìn fún yín. Ó rọ̀, yóò fà nínú ooru, héèdì á sì máa tú èéfín. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá ọ̀kan lára ti àtijọ́ padà, ẹ yí i lórí gíláàsì bóyá kò tiro, kí ẹ wá fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì tuntun wọ̀ ọ́. Bí nọ́ọ̀tì bá ń lọ geere tó wá há láàárín, tẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ti fà.

Ẹ fẹ́ inú ihò mọ́ kí tuntun tó wọlé. Ọ́ìlì tó bá kù sínú ihò tí kò jáde lódì kejì lè la kéèsì bí ẹ bá ti ń yí sítọ́ọ̀dù lé e lórí. Gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ búlúù ni kí ẹ kùn sí ìsàlẹ̀, kí ẹ wọ̀ ọ́ dé gíga tí ẹ kọ sórí páálí, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Gíga yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe jọ lọ, pàápàá fún nọ́ọ̀tì tó ní fìlà. Bí sítọ́ọ̀dù bá ga jù, orí rẹ̀ yóò kan inú fìlà kí nọ́ọ̀tì tó tẹ héèdì. Sípánà yóò le ní ọwọ́ yín, ẹ ó rò pé ó ti dì, bẹ́ẹ̀ héèdì ṣì tú. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì four-stroke, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ sítọ́ọ̀dù kan gòkè. Wáṣà bàbà ló jẹ́ ti ibẹ̀, ẹ má fi onírin rọ́pò rẹ̀.

Bí sílíńdà àti héèdì bá ti padà sípò, ẹ fi sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára ìfún ní Nm, fún àwọn nọ́ọ̀tì ní àgbélébùú: 10 Nm yíká, lẹ́yìn náà 18, kó tó di iye tí ìwé máṣíìnì náà sọ. Bí sípánà bá ń yí tí kò le sí i, tó dà bí ìgbà tí à ń ro ẹ̀kọ, tẹ́ẹ̀dì ti ń ṣí nìyẹn, ẹ dúró. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún yẹ nọ́ọ̀tì wò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tún tápẹ́ẹ̀tì orí fáàfù ṣe, torí àlàfo rẹ̀ máa ń yí padà bí héèdì bá ti jókòó dáadáa.