Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Òbí Bá Ń Yẹ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọba Wò ní Àkúrẹ́

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sí oṣù kẹjọ ọdún kan tí àwọn òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Àkúrẹ́ kì í wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá sí Alágbàká, àwọn kan ríṣẹ́ sí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà níbí, àwọn mìíràn sì ń sá fún owó ilé Èkó. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: "Mà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wo ló dára ládùúgbò wa?" Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti san owó ilé ọdún méjì nítorí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọn kò wọ inú rẹ̀ rí, wọ́n ti rán aṣọ ilé-ìwé méjì-méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti ra bàtà. Bí ó bá di àárín sáà kejì, ojú wọn á là, wọ́n á yọ àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé aládàáni, owó mìíràn á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Àṣìṣe kìíní ni fífi ẹwà ilé ṣe òṣùwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́. Lásìkò ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò, láàárín ọdún 2009 sí 2017, wọ́n kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńláńlá tí a ń pè ní mẹ́gà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo sì gbà pé ilé tí kò jò sàn ju èyí tí ó ń jò lọ. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá dára a máa fa èrò, bí èrò bá sì pọ̀ tí olùkọ́ kò pọ̀ sí i, ẹwà ògiri kò lè kọ́ ọmọ ní ìsọdipúpọ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé àwọn ọmọ tí yóò wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 35 lọ. Ẹ wọ kíláàsì tí ọmọ yín máa jókòó sí, kí ẹ sì ka orí fúnra yín. Ẹ má ka orúkọ inú rẹ́jísítà, nítorí pé orúkọ kì í gba àyè lórí bẹ́ǹṣì.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti jìn sí kòtò ọ̀hún. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kì í ṣe mẹ́gà rárá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun lọ́dà, ni mo mú ọmọ mi kejì lọ, torí pé ọ̀dà náà wù mí lójú bí mo ṣe ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì náà lé ní 70. Ọmọ mi jókòó sẹ́yìn pátápátá fún odindi sáà kan, ohun kan ṣoṣo tí ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa nígbà tí sáà parí ni bí a ṣe ń ká ìwé tí yóò fi di ọkọ̀ ojú omi. Ìyá rẹ̀ sì rèé, olùkọ́ ni.

Èkejì ni lílọ yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò ní àkókò ọyẹ́. Òrùlé páànù tí kò ní àjà lábẹ́ kì í pariwo lóṣù kejìlá. Ẹ padà lọ lóṣù kẹfà tí òjò Àkúrẹ́ bá ń rọ̀ láàárọ̀, ẹ ó rí olùkọ́ tí ó ń la ẹnu tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀, tí ó sì wá fi ẹfun sílẹ̀ tí ó ń wo òjò bí àwọn ọmọ náà ṣe ń wò ó. Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó jáde.

Ẹ̀kẹta ni ó ń bí mi nínú jù lọ. Àwọn òbí á wọṣọ rere, wọ́n á lọ jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á bi í bóyá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dára. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó sọ? Ta ni í pe ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní àìdùn? Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ni kí ẹ wá. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbà yín láàyè, ẹ wò ó níbẹ̀. Bí wọn kò bá gbà, ẹ sáà ní aládùúgbò. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ọ̀yàyà bẹ ìyá ọmọ kan kí ọmọ rẹ̀ gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá, kí ẹ sì tún bẹ ìyá ọmọ mìíràn tí ó wà ní kíláàsì kan náà. Ẹ kọ́kọ́ wo déètì: bí a bá ti wà ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí iṣẹ́ inú ìwé kò ju ojú ewé mẹ́rin lọ, ẹ ti rí ìdáhùn kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí àṣìṣe inú wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́, ojú pátákó ni wọ́n ti da á kọ, àwọn ọmọ náà kò dá ohunkóhun rò.

Kí ẹ wá wo bírò pupa. Mo ti rí ìwé ọmọ kíláàsì kẹta kan tí ó kọ ọ́ pé 17 + 8 = 115. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ rí yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ọmọ náà ro 7 pọ̀ mọ́ 8, ó rí 15, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi 1 tí ó ṣẹ́kù síwájú rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́n, ibì kan péré ni ó ti ṣìnà, ìṣẹ́jú márùn-ún sì tó láti fi ẹ̀ka igi tí a dì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá là á yé e. Ohun tí ó wà níwájú iṣẹ́ náà ni àmì "ó tọ̀nà" ńlá kan tí wọ́n fà láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. Mo ṣí ojú ewé kejì, 26 + 9 di 215, àmì náà tún wà níbẹ̀. Mo ṣí ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Ìyá ọmọ náà ti ń fi ìwé yẹn yangàn láti ọjọ́ yìí wá pé ọmọ òun kì í gba òdo.

N kò ní ṣe bí ẹni pé ọwọ́ tèmi mọ́. Ní ọdún kan tí ọmọ 62 wà lọ́dọ̀ mi, tí a sì gbọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó ti àtùpà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo sì fa irú àmì yẹn títí bírò fi tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ ọ́n dájú bí mo bá rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìwé tí ó dára a máa ní àmì "kò tọ̀nà", a sì máa ní àtúnṣe tí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi ìwé kíkà náà kún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ka ìwé wọn ní àkọ́sórí bí ẹni ń ké oríkì. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, ẹ na ìka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín gbólóhùn, kí ẹ bi í pé kí ni èyí. Bí ó bá ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé kí ó tó lè dé ibẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ̀kẹrin ni sísá nítorí èdè Yorùbá. Òbí á gbọ́ tí olùkọ́ ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò ní kíláàsì kejì, yóò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà kò láju. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí a fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún fi àyè sílẹ̀ fún èdè àdúgbò ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan pàtó tí olùkọ́ tirẹ̀ ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó yẹ kí ó já yín láyà ni olùkọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá rẹ̀ kò já gaara.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba di ọ̀fẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní owó ìgbàwọlé. Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ túmọ̀ sí pé kọ́bọ̀ kò ní jáde lápò yín. Ìyá mi wọ ilé-ìwé ní oṣù kìíní ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, síbẹ̀ ó sọ fún mi pé bàbá òun ra síléètì. Ẹ wádìí owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, owó ìwé àti ti aṣọ, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ ṣáájú.

Ẹ wo ilé ìyàgbẹ́, pàápàá tí ẹ bá ní ọmọbìnrin.

Ẹ bèèrè bóyá olùkọ́ kíláàsì náà kò ní fẹ̀yìn tì kí ọdún tó parí, torí pé bí ó bá lọ tí ẹlòmíràn kò dé, ńṣe ni wọ́n máa da kíláàsì méjì pọ̀.

Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láago méje àárọ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára jù lọ tí ó wà ní òdìkejì títì márosẹ̀, tí ọmọ ọdún mẹ́fà yóò máa dá sọdá láàárín ọkadà àti taksí, kò dára fún yín.

Bí ẹ bá ń lọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn tí sáà bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá tí ó ti rẹ olùkọ́ díẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí wọ́n bá gbà yín láàyè. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ má baà lọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kí télọ̀ ṣì mú sùúrù ná.