Bí ẹ bá kó wá sí Àjàṣẹ́ láìgbọ́ Faransé, láìgbọ́ Ẹ̀gùn

Abẹ́òkúta ni mo ti wá, aṣọ ni mò ń rán, oṣù Kejì ọdún 2021 sì ni èmi àti ọkọ mi kó dé Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo lórí ìwé, ní orílẹ̀-èdè Benin. Kí a tó wá, gbogbo ẹni tó mọ ibẹ̀ ló ń sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀, pé Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá ní mọ́ṣáláṣí, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláṣọ ní ọjà Wándò. Ohun tí ẹnì kankan kò sọ fún mi ni pé Yorùbá yẹn gan-an lè dí mi lọ́nà. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń ti ṣọ́ọ̀bù Yorùbá kan bọ́ sí òmíràn. Aláta kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa tí ata rẹ̀ dára, Ẹ̀gùn ló ń sọ. Màá kọjá lára rẹ̀ lọ ra ata tó ti rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ èdè mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà náà, n kò tíì lè júwe ilé mi fún ọlọ́kadà.

Yorùbá ibẹ̀ pàápàá, Faransé wà nínú rẹ̀. Bàbá kan tí Yorùbá rẹ̀ dùn ju tèmi lọ sọ fún mi pé kí n lọ "legalisé" àwọn "papié" mi ní "mẹrí". Mo ní ẹ ṣé, bàbá, mo sì padà sílé láìmọ ibi tí wọ́n rán mi. Papié ni ìwé. Mẹrí ni ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Legalisé ni pé kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà ìwé yín láti fi hàn pé kò yàtọ̀ sí ojúlówó. Ẹ ti mọ mẹ́ta yẹn kí ẹ tó sọdá, torí ẹ ó gbọ́ wọn ṣáá.

Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ yan ibi mẹ́ta tí ẹ kò ní sọ Yorùbá rárá, bí wọ́n tiẹ̀ gbọ́ ọ níbẹ̀. Tèmi ni aláta ẹnu ọ̀nà wa, oníbúrẹ́dì, àti obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún mi. Ibi tí ẹ máa ń lọ lójoojúmọ́ ni kí ẹ yàn, kì í ṣe ibi tí ẹ máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé èdè wo ni kí àwọn kọ́kọ́ kọ́. Faransé ni ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ìwé ilé ń sọ. Ẹ̀gùn ni àgbàlá àti ọjà ń sọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé: nọ́ńbà Faransé, ìkíni Ẹ̀gùn. Ìyókù á máa tẹ̀lé e.

Mo mọ ìdí tí mo fi fi nọ́ńbà ṣíwájú. Lọ́dún tí a dé yẹn, oníbàárà kan pè mí lórí fóònù, ó ń ka ìwọ̀n ara rẹ̀ fún mi láti inú ìwé tí télọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kọ. Nígbà tó kan ìbàdí, mo gbọ́ "suwasáǹtì-sísì", mo kọ 66. "Suwasáǹtì-sẹ́ẹ̀sì" ló sọ. 76 ni. Mo gé aṣọ. Àǹkárá tó dára ni, aláwọ̀ aró tí ẹyẹ funfun wà lára rẹ̀. Nígbà tó wá wọ síkẹ́ẹ̀tì náà wò, síìbù kò pàdé. Àlàfo tó wà láàárín etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Obìnrin náà kò bú mi. Ó kàn fi ọwọ́ di aṣọ náà mú lẹ́yìn, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mo ní láti fi bẹ̀ ẹ́ ju "padọ́n" lọ. Mo ra aṣọ aró tó bá a mu lówó ara mi, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ó sì gbà á. Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Aṣọ olówó ni mo bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé n kò mọ iṣẹ́.

Ibi tí nọ́ńbà Faransé ti ń dẹkùn sílẹ̀ ni 70 títí dé 99. 70 wọn ni ọgọ́ta àti ẹ̀wá. 76 wá di ọgọ́ta àti ẹẹ́rìndínlógún, ìyẹn ló mú mi. Nígbà tí wọ́n bá dé 80, ilé wa ni wọ́n dé: "kátírì-fẹn" ni wọ́n ń pè é, ogún mẹ́rin, bí ọgọ́rin tiwa gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àwa máa ń yọ kúrò, àwọn máa ń fi kún un. Àádọ́rùn-ún tiwa, ọgọ́rùn-ún ni a ti yọ mẹ́wàá. Tiwọn, ọgọ́rin ni wọ́n fi mẹ́wàá lé, "kátírì-fẹn-dísì". Ẹni tó bá ti fi èyí sọ́kàn ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ nǹkan púpọ̀.

Fóònù ló tún jẹ́ kó le. Àwa máa ń ka nọ́ńbà fóònù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Méjì méjì ni wọ́n ń kà á. Láti ìparí ọdún 2024, nọ́ńbà ibẹ̀ ti di ẹyọ mẹ́wàá, 01 ló sì máa ń ṣíwájú. Ẹni tó bá ń ka tirẹ̀ fún yín á sọ 01 yẹn, á wá to mẹ́rin mìíràn tẹ̀lé e, ìkọ̀ọ̀kan wọn lè dé 99. Títí tí etí yín á fi là, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yín fúnra rẹ̀. Èmi kì í gba ìwọ̀n aṣọ lẹ́nu mọ́. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tàbí kí ẹ wá kí n wọ̀n yín.

Irinṣẹ́ yín ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Tépù tí mo gbé wá láti Abẹ́òkúta, íǹṣì ló wà lójú kan, sẹ̀ǹtímítà ló wà lójú kejì, bẹ́ẹ̀ n kò tíì yí ojú kejì yẹn wò rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń lò ní Àjàṣẹ́: íǹṣì 26 ni 66, íǹṣì 30 ni 76. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ tépù sórí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́, màá máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti 60 dé 99, màá sì máa pè é sókè, ọmọ kọ́ṣẹ́ mi á máa tún un ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó gbọ́ Ẹ̀gùn, ó gbọ́ Faransé, òun náà sì fẹ́ gbọ́ Yorùbá torí àwọn oníbàárà wa. Èyí dára ju olùkọ́ tí ẹ máa sanwó fún lọ. Alápatà, ẹ lo òṣùwọ̀n yín. Awakọ̀, ẹ lo nọ́ńbà ara ọkọ̀. Kalikulétọ̀ tí ẹ máa ń nà sí ọlọ́jà pé kó tẹ iye rẹ̀, ẹ lò ó fún oṣù kan péré, lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ fi í sílé, torí kì í jẹ́ kí èèyàn lanu.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Bí etí yín bá ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn Yorùbá. Ẹ̀gùn yóò fún yín lérè lórí èyí. Mẹ́ta ni "àtọ̀n", márùn-ún ni "àtọ́ọ́n". Etí tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ̀ sí ọkọ́ yóò gbọ́ ọ kí ó tó pẹ́. Àlejò tí èdè ilé rẹ̀ kò ní ohùn á máa ra márùn-ún nígbà tó fẹ́ mẹ́ta.

Ìkíni ńkọ́? Tí ọ̀sán bá ti yẹ̀ báyìí, "bọ̀ǹsúwà" ni, tí í ṣe ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ má dúró de kí oòrùn wọ̀. "Bọnà-rìfé" ni ẹ káàbọ̀. Èyí tó mú inú mi dùn jù ni "bọnà-síìsì", tí wọ́n ń kí ẹni tó jókòó: ẹ kú ìjókòó! Faransé ni ọ̀rọ̀ náà, ilé wa ni àṣà náà. Fún Ẹ̀gùn, ẹ tẹ́tí sí ìkíni òwúrọ̀, ẹ ó gbọ́ "fọ́n" nínú rẹ̀, jíjí ló túmọ̀ sí. Bóyá ẹ jí dáadáa ni wọ́n ń béèrè. Obìnrin tó bá ju yín lọ, "tàǹtí". Mo sì ń kúnlẹ̀ fún ìyá onílé wa láti ọjọ́ tí a dé. Ìyẹn kò nílò ògbufọ̀.

Ọ̀kadà ibẹ̀, sẹ́mì ni wọ́n ń pè é, láti ara "sẹ́míjàn", ìyẹn gbé mi kíákíá. Ibi tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí ẹ dárúkọ, ẹ má dárúkọ òpópónà: Wándò, tàbí mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn tó ti Brazil padà wá kọ́, tí iwájú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dúnàá-dúrà kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì máa kó owó sẹ̀fà wẹ́wẹ́ dání. Ihò iná ara ògiri wọn yàtọ̀ sí tiwa, nítorí náà ẹ ra ohun tó máa so méjèèjì pọ̀ kí maṣíìnì yín má baà jókòó lásán.

Fún àìsàn, ẹ má dúró de ọjọ́ àìsàn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Faransé bá yín kọ ìwé kan sílẹ̀ nísinsìnyí: orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ orí wọn, irú ẹ̀jẹ̀ wọn, oògùn tí ara wọn kò gbà. "Palù" ni ibà tí ẹ̀fọn ń fà. "Ọ̀dọnáǹsì" ni ìwé tí dókítà máa kọ tí ẹ máa mú lọ ra oògùn. Kí ẹ sì mú àgbàlagbà dání lọ síbẹ̀, ẹ má ṣe lo ọmọ yín. Ọmọ mi ọkùnrin ti ń sọ Faransé kí ọdún ilé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ó sì rọrùn láti tì í síwájú níbi gbogbo. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan nígbà tí owó ilé wa pẹ́. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ gbèsè wa fún àgbàlagbà, n kò sì tún ṣe é mọ́.

Alẹ́ ló le jù. Àwọn obìnrin ilé wa máa ń jókòó sí àgbàlá, wọ́n á máa yín àgbàdo. Nígbà tí mo bá ń kọjá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ó dá mi lójú pé èmi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ kọ́ṣẹ́ mi kò tètè lọ, òun náà bú sẹ́rìn-ín, mo ní kí ló dé. Ó ní ewúrẹ́ ìyá onílé ló wọ yàrá, tó jẹ gèlè tí wọ́n fẹ́ wé lọ síbi ìgbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé. Gèlè! Èmi tí mo lè bá wọn wá òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé àpótí mi jáde. Ìyá onílé ti igbá àgbàdo kan sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní "wá". Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yẹn nínú èdè méjèèjì. Mo wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mo ti ń dá "sìn" mọ̀, tí í ṣe omi, àti "àkwẹ́", tí í ṣe owó, mo sì ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ owó máa ń mú bínú. Ẹ lọ jókòó. Ẹ má dúró de kí wọ́n pè yín. Àpótí tiyín ni kí ẹ gbé dání, torí tiwọn kì í tó.