Bí a ṣe ń fi ọjọ́ ìsinmi sáàárín ìrìn Camino, kí ẹsẹ̀ tó fi agídí dá wa dúró

Ìgbà tí mo rin Camino, ìrìn-àjò ẹsẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ tó gba Sípéènì kọjá, mo dé ìlú Logroño lọ́jọ́ kẹjọ, ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń ta mí láti àná ẹ̀, mo ní kò sí wàhálà, ilẹ̀ mọ́ mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn mo tún ń lọ. Kí n tó dé ìlú Burgos, ẹsẹ̀ yẹn ni mò ń wọ́ tuurutu, àwọn ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń kọjá lára mi, wọ́n ń kí mi. Ọjọ́ kan tí mo ṣahun ẹ̀ ní Logroño, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi há sí Burgos. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Camino Francés ni ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ń tọ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní Faransé, wọ́n á gun òkè Pyrenees, wọ́n á wọ Sípéènì títí dé Santiago de Compostela. Bíi 780 km ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, báàgì lẹ́yìn. Kì í ṣe ẹlẹ́sìn nìkan ló ń rìn ín mọ́ o, oríṣiríṣi èèyàn lẹ máa bá níbẹ̀.

Ilé ni ìsinmi ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ pín 780 sí 25 km lójúmọ́, ẹ máa rí ọjọ́ 31, ẹ fi ọjọ́ ìsinmi 4 lé e, ó di 35, ẹ wá ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ sí ẹ̀yìn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo rí tó ń rìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n, ọkọ̀ òfuurufú ló ń lé wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan ibi tí ẹ máa ti sinmi. Èmi á ní Logroño, Burgos, León, kí ẹ wá fi ọ̀kan pamọ́ fún ìgbà tí ara bá sọ pé òun fẹ́. Ìlú ńlá ni wọ́n, kẹ́mísìtì wà, dókítà wà, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gba owó wẹ́wẹ́ wà. Tó bá lè ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí Sunday, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń tì, tó bá sì bọ́ síbẹ̀ ẹ yáa ra oúnjẹ yín ní Sátidé.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa sùn ló máa ń ká àwọn èèyàn mọ́ jù. Albergue ìjọba ìlú, ìyẹn ilé tí àwọn arìnrìn-àjò jọ ń sùn sí, alẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń gbà yín, àfi tí ara yín ò bá yá, wọ́n á paná ní aago 10 alẹ́, tó bá fi máa di aago 8 àárọ̀ gbogbo èèyàn ti gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ ò lè sinmi níbi tí wọ́n ti ń lé yín síta! Torí náà ẹ wá pensión tàbí hostal fún alẹ́ méjì (hostal o, kì í ṣe hostel, hòtẹ́ẹ̀lì kékeré ni, ẹ máa ní yàrá tiyín), tí owó bá ń dùn yín kí ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta dá a.

Ọgbọ́n kan rèé tí mi ò tètè mọ̀: ẹ jẹ́ kí ìrìn ọjọ́ tó ṣáájú kúrú. Mansilla de las Mulas sí León ò ju bíi 18 km lọ, tí ẹ bá tètè jáde ẹ ti dé ní ọ̀sán, ẹ ti rí ọ̀sán kan, alẹ́ méjì àti odindi ọjọ́ kan.

Ọjọ́ náà gan-an wá dé, ẹ má yí aláàmù. Ẹ tú báàgì dà sórí bẹ́ẹ̀dì pátá, ohun tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn láti Saint-Jean ẹ fi ránṣẹ́ sí Santiago láti ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn, Correos. Ẹ fọ gbogbo aṣọ, gbogbo ẹ̀ ni mo wí, èmi jókòó síwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ ní León pẹ̀lú kóòtù òjò nìkan lára, mo dì í mú dáadáa, ọkùnrin kan wọlé ó wò mí ó tún jáde. Bàtà ńkọ́? Ẹ tú okùn ẹ̀, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú ẹ̀, ẹ ki bébà ìwé ìròyìn bọ inú ẹ̀ kó fa omi, ẹ má gbé e sítòsí iná torí gọ́ọ̀mù ẹ̀ máa tú.

Ẹsẹ̀ wá kàn. Ìléròrò tó bá kéré, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó tóbi tó ń dí ìrìn lọ́wọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí kòkòrò ò sí lára ẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí omi jáde, ẹ má bó awọ ẹ̀ o, ẹ fi plásítà bò ó. Tó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo lórí eegun ló ń dùn yín, tí ẹ fìka kàn án tí ẹ fẹ́ẹ̀ pariwo, ẹ lọ rí dókítà, eegun lè ti fẹ́ là.

Ẹ jẹun dáadáa, mo gbé ata gígún díẹ̀ dání láti ilé, mo fi se ẹwà lentil wọn, ara mi balẹ̀. Kí ẹ sì jókòó! Kátídírà Burgos rẹwà, àmọ́ lọ́jọ́ kẹta tí mo wà níbẹ̀ tí mo rò pé ara ti yá, mo fi ìwòran rin 14 km kí n tó mọ̀, fóònù mi ló kà á. Ìyẹn kì í ṣe ìsinmi, ìrìn láìgbé báàgì ni.

Ohun tó le jù nínú gbogbo ẹ̀, kí n má parọ́, ni àwọn tí ẹ jọ ń rìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti di ẹbí, ẹ jọ ń jẹ ẹ jọ ń hanrun nínú yàrá kan, ẹ ò wá fẹ́ kí wọ́n lọ kí wọ́n fi yín sílẹ̀. Ẹ sọ fún wọn láti ọjọ́ méjì ṣáájú, àwọn kan á dúró pẹ̀lú yín torí ẹsẹ̀ ń dun àwọn náà, wọ́n kàn ń dúró dè ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́ ni. Àwọn tó lọ, WhatsApp wà, mo tún bá méjì nínú wọn ní ìlú Ponferrada níwájú, ẹsẹ̀ wọn ti wú.

Àárọ̀ tí ẹ bá máa gbéra, wákàtí àkọ́kọ́ máa le gan-an, gbogbo iṣan á gan, ẹ máa rò pé ìsinmi yẹn ló bà yín jẹ́. Ẹ máa rìn jẹ́jẹ́. Láti León, La Virgen del Camino ò tó 10 km, ẹ mu kọfí níbẹ̀, ẹ tún okùn bàtà so.